Eku tí mo fún ní ọtí àti pupa ẹyin

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ fún eku funfun ní ọtí àti pupa ẹyin láti mọ bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn yóò ṣe yí padà, o sì béèrè iye ọ̀sẹ̀ tí yóò gbà. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, ojú mi sì rí màbo.

Inú omi mímu ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n po ọtí mọ́. Mo ní kí n máa wọn oúnjẹ wọn lójoojúmọ́, ó ní àṣejù ni. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn eku ọlọ́tí á fi imú kan ẹnu ìgò, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọn kò mu, wọn kò sì jẹ. Irun wọn rí jákujàku, egungun ẹ̀yìn wọn yọ, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò mu ọtí ń sanra. Èsì dé, n kò lè ya ohun tí ọtí fà kúrò lára ohun tí ebi fà. Ọ̀gá kan náà ló wá bi mí níwájú àwọn tó ń dán mi wò pé kí ló dé tí n kò wọn oúnjẹ. Ìwọ̀n tí eku ọlọ́tí bá jẹ lónìí ni kí o fún ẹnìkejì rẹ̀ tí kò mu ọtí lọ́la, kí o sì fi ṣúgà dípò agbára tí ọtí ń fún ara.

Má fi ògógóró ṣe é o. Agbára ìgò kan kò bá ti èkejì mu, methanol (irú ọtí olóró kan) inú rẹ̀ sì pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní 2015.

Kò tún sẹ́ni tó sọ fún mi pé eku kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ, irú ọ̀rá kan tó pọ̀ nínú pupa ẹyin, nítorí pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń yára sọ ọ́ di èròjà òróòro. Ehoro ni kò rí bẹ́ẹ̀: ní 1913, Anitschkow àti Chalatow ní Rọ́ṣíà fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a pò mọ́ òróró tó láti mú kí ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ehoro. Ní ti ọtí, triglyceride (irú ọ̀rá tí ara ń kó pamọ́) ló sábà máa ń gbé sókè, torí pé bí ẹ̀dọ̀ bá ń jó ọtí, kì í ráyè jó ọ̀rá. Ó sì lè gbé HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí à ń pè ní rere) náà sókè, nítorí náà, má wo àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nìkan.

Fi ebi pa wọ́n mọ́jú kí o tó gba ẹ̀jẹ̀. Ní kí wọ́n wọn LDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí à ń pè ní búburú) gan-an, kí wọ́n má fi ìṣirò wá a, nítorí ìṣirò ti ènìyàn ni ọ̀mọ̀ràn ilé àyẹ̀wò lò fún tèmi, LDL eku méjì sì já sí ohun tó dín sí òdo.

Ní ti iye ọ̀sẹ̀, mẹ́jọ ni mo lò. Ìyẹn kò sí lára ohun tó dà mí láàmú.