Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìṣirò Tó Lé Wa Nílé Ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 41. Mo fẹ́ ṣe GCE kí n lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, àmọ́ ìṣirò ti lé mi láti ilé ìwé. Mo ra ìwé SS3, mo ṣí i, mo sì tún pa á dé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ìyá Aránṣọ, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ gbé ìwé SS3 yẹn tì fún bí oṣù mẹ́ta. Aljẹ́bírà, ìyẹn ìṣirò tí a ti ń fi lẹ́tà bíi x dúró fún nọ́ḿbà tí a kò tíì mọ̀, kọ́ ló sábà ń lé àgbàlagbà kúrò nídìí ìṣirò. Ìdá, àmì ìyọkúrò àti ìlọ́po tí kò yé wọn ní pírámárì ni, àwọn ló ń ba aljẹ́bírà jẹ́. Ẹ wá ìwé ìṣirò pírámárì 5 àti 6, ẹ má tijú rárá. Nínú orí kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìbéèrè mẹ́wàá láìyọjú wo ìdáhùn. Orí tí ẹ bá ti gba mẹ́sàn-án, ẹ fò ó. Èyí tí ẹ kò bá gbà tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdá wò: 2/3 + 1/4. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ro òkè mọ́ òkè, wọ́n á ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ 3/7. Ẹ mú téèpù yín. Ínǹṣì 36 ni yáàdì kan. 2/3 rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 24, 1/4 rẹ̀ jẹ́ 9, àpapọ̀ wọn 33. Ṣùgbọ́n 3/7 yáàdì kò tó ínǹṣì 16! Ẹ rán aṣọ mọ́ aṣọ, ó wá kúrú ju èyí tí ẹ kọ́kọ́ gé lọ? Nọ́ḿbà ìsàlẹ̀ kì í ṣe iye tí à ń kà, bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó ló ń sọ. Ègé tí kò dọ́gba kò ṣeé kà pọ̀ àfi ká kọ́kọ́ gé wọn sí ìwọ̀n kan náà. 12 ni nọ́ḿbà tó kéré jù tí 3 àti 4 pín láìṣẹ́kù. 2/3 di 8/12, 1/4 di 3/12, àpapọ̀ jẹ́ 11/12. Lórí téèpù, 1/12 yáàdì jẹ́ ínǹṣì 3. 11 lọ́nà 3? 33 náà ni.

Àmì ìyọkúrò ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo 5x − 3(x − 4) = 20. Ẹni tó bá sáré á kọ 5x − 3x − 12, x á sì di 16. Kí ẹ fi 16 sípò x, 80 − 36 jẹ́ 44, kì í ṣe 20, àṣìṣe ti hàn. Ẹ ka −4 sí gbèsè náírà mẹ́rin. Bí wọ́n bá yọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta kúrò lọ́rùn yín, náírà 12 lẹ fi sàn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ +12: 2x + 12 = 20, x = 4. Ẹ má fi ìdáhùn kankan sílẹ̀ láìdá a padà sínú ìbéèrè báyìí.

Ní ti ìlọ́po, láti 2 dé 9, 36 péré ló wà láti há sórí, torí 7 lọ́nà 8 náà ni 8 lọ́nà 7. Kíka nọ́ḿbà wa pàápàá ń ranni lọ́wọ́. Mẹ́tàdínlógún ti sọ fún yín pé 20 dín 3 ni. Nítorí náà 36 lọ́nà 17 jẹ́ 720 tí a yọ 108 kúrò nínú rẹ̀: 612. Ẹ kò nílò kakulétọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ní ìwé kan fún àṣìṣe nìkan: ẹ kọ ìbéèrè náà àti ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀, kí ẹ tún un ṣe láìwò ó lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kíka iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ṣe kò tó, ojú á gbà pé òun mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ò ní lè kọ ọ́.

Ìbéèrè: Mo fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún ọjà ₦5,000, mo tún yọ ìdá 20 kúrò. Kí ló dé tí kò padà sí ₦5,000?
Oníṣòwò, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Nítorí pé 20 kejì kì í ṣe ti ₦5,000 mọ́. Ọjà ti di ₦6,000, ìdá 20 rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,200, ló fi bọ́ sí ₦4,800. Bí ẹ bá fẹ́ kó padà síbi tó wà, ₦1,000 nínú ₦6,000 ni kí ẹ yọ: ìdá kan nínú mẹ́fà.