Wọ́n mọ̀ jù wá lọ

Àbúrò, o ní wọ́n ti gbé ẹ lọ sìnrú ìlú ní Rivers, o sì fẹ́ la àwọn ará ibẹ̀ lọ́yẹ̀ nípa ewu epo rọ̀bì, pé ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá ti lé àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, àmọ́ Port Harcourt ni mo ti fi iṣẹ́ wẹ́dà jẹun kí n tó padà wálé. Kí lo fẹ́ sọ tí wọn ò tíì mọ̀?

Àwọn Ògóni, ẹ̀yà kan ní Rivers níbẹ̀, kúkú lé wọn. Ilé-iṣẹ́ epo Shell kó kúrò níbẹ̀ ní 1993. Ní oṣù kọkànlá 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ṣáájú ìjà àwọn Ògóni, àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ta ló rí ìyẹn tí yóò tún máa sáré pariwo?

Nígbà tí èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé Port Harcourt lórí ní ìparí 2016, màmá onílé mi a máa fi àkísà tútù nu ilẹ̀ ní ìdájí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ á ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí èèyàn bá fun ikun, dúdú ni. Màmá yìí mọ ohun tó ń fà á: iná gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń sun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kpo-fire náà wà níbẹ̀, níbi táwọn ọmọkùnrin ti ń se epo jíjí nínú igbó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára wọn, owó ọmọ náà ni wọ́n sì fi ń san owó iléèwé àwọn ọmọ tí mò ń wí yìí. Ẹnu tó jẹ dòdò, báwo ló ṣe fẹ́ sọ òdodo?

Òfin gan-an tún dì wọ́n lọ́wọ́. Òfin epo ti 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ máa yọ 3% nínú owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ́ páìpù níbẹ̀, inú owó ìlú ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe.

Àwa náà ńkọ́? Wo àpò èédú létí títì ní Kwara wa níbí. Ẹni tó ń sun igi òrí mọ̀ jù ẹ́ lọ pé kì í tètè dàgbà. Ní kó má sun ún mọ́, kó o wo ojú tí yóò fi wò ẹ́.

Bó o bá débẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Bi wọ́n léèrè omi kànga, ẹja, páànù tó ń jẹrà lórí ilé. Ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín lórí ọ̀rọ̀. Ti kpo-fire, má dá a sílẹ̀ níbi tó ò bá ti mọ ọmọ ẹni tó jókòó tì ẹ́. Ṣòkòtò funfun tí wọ́n máa fún yín ní ibùdó yẹn náà, má sá a síta mọ́jú o.