Ẹ Má Ṣe Kó Bébà Inú Rẹ̀ Dànù: Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé lórí Ìkójọ Àwo Orin Kékeré

Lẹ́tà mẹ́rin la mú dáhùn lóṣù yìí, láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni gbogbo wọn sì ti wá. Ọ̀rọ̀ wọn dá lórí àwọn àwo pélébé tí orin inú wọn kì í sábà ju méjì sí mẹ́rin lọ, àti CD tí àwọn èèyàn ń rà wá láti òkè òkun.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, tó kàwé ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1988 sí 1993, di olóògbé lọ́dún tó kọjá. Páálí kan wà nínú ẹrù rẹ̀ tó kún fún àwo kékeré tó tó ọgọ́ta, wọ́n sì kọ SARAH pẹ̀lú nọ́ńbà sára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bébà, káàdì àti àwòrán tí wọ́n ká ló wà nínú wọn, ọmọ mi sì ti ń kó wọn jáde kí ẹrù lè fúyẹ́. Ọkùnrin kan láti Èkó fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ní iye kan ṣoṣo. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Parakin, Ilé-Ifẹ̀.

Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, yóò sì bá wa dá ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sí.

Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí ọmọ yín dá ọwọ́ dúró. Bí àwọn bébà tó ti kó jáde bá ṣì wà nínú ilé, ẹ kó wọn síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó wọn, nítorí pé àwọn bébà yẹn ló sọ àwo náà di odindi.

Sarah Records ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Clare Wadd àti Matt Haynes ló dá a sílẹ̀ ní Bristol ní ọdún 1987, inú ilé tí wọ́n ń gbé ni wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwo àkọ́kọ́, SARAH 1, jẹ́ ti ẹgbẹ́ olórin Sea Urchins. Lẹ́yìn wọn ni Orchids, Field Mice, Another Sunny Day, Heavenly àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Indie pop ni wọ́n ń pe irú orin yìí: orin kúkúrú, gìtá tó mọ́ gaara, ohùn tí kì í pariwo, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí kò dúró de ilé iṣẹ́ ńlá kankan kí wọ́n tó kọrin. Nígbà tí nọ́ńbà náà pé 100 ní ọdún 1995, àwọn méjèèjì fi ọwọ́ ara wọn ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n sì sanwó ìpolówó sínú ìwé ìròyìn láti fi tó gbogbo ayé létí pé ó ti parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bébà ti wọlé nìyí. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà inú ọgọ́rùn-ún yẹn ni àwo orin. Àwọn kan jẹ́ ìwé kékeré tí wọ́n kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ fúnra wọn, nọ́ńbà 50 sì jẹ́ eré orí pátákó tí èèyàn ń fi ọmọ ayò ta bí ẹni ń ta lúdò. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìwé pélébé tí ọmọ yín kà sí pàǹtí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Bébà tó sì wà nínú àwo gan-an, lẹ́tà ni sí ẹni tó rà á: Wadd àti Haynes fi ń sọ èrò ọkàn wọn, wọ́n fi ń sọ ohun tó ń bọ̀, wọ́n sì ń kọ àdírẹ́sì sí i kí olólùfẹ́ orin lè kọ̀wé padà. Mo gbà tọkàntọkàn pé ẹni tó bá gbọ́ orin náà láìka bébà yẹn, apá kan ló gbọ́.

Ohun mìíràn tó mú kí àwọn àwo wọ̀nyí níyì ni pé àwọn olùdásílẹ̀ náà kórìíra kí wọ́n máa ta orin kan náà fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Orin tó bá ti jáde nínú àwo kékeré, wọn kì í sábà tún un kó sínú àwo ńlá ẹgbẹ́ náà. Bí àwo kékeré bá ti ṣègbé, ọ̀nà kan tí orin náà gbà wá sáyé ti ṣègbé nìyẹn.

Ní ti ọkùnrin ará Èkó, èmi kì í bá tíì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé àti báírò, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwo kọ̀ọ̀kan, bí páálí rẹ̀ ti rí, bóyá ó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á, àti bébà tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀: ní etí ibi tí ilà orin parí sí, nítòsí bébà àárín, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n họ sára rẹ̀, àwọn sì ni àmì tí a fi ń mọ ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ yín bá mú àmì yìí lọ sórí Discogs, ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkójọ àwo ti ń kọ àkọsílẹ̀ sí láti ọdún 2000, yóò rí iye tí irú rẹ̀ ti tà sẹ́yìn. Ẹ má wo iye tí àwọn tó fẹ́ tà ń bèèrè, iye tí ẹnìkan ti san ní ti gidi ni kí ẹ wò. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ èyí ni ẹ tó lè pinnu bóyá ẹ fẹ́ tà wọ́n rárá.

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Mo ń gbọ́ orin indie pop lórí fóònù mi, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkójọ, ṣùgbọ́n single, EP àti àwo ńlá ń dà mí lójú rú. Èé ṣe tí CD tí wọ́n ṣe ní Japan fi máa ń ní orin tó pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ? — Akẹ́kọ̀ọ́, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀.

Àbúrò mi, ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà ló gbé àwo ńlá tó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan jáde ní 1948. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, RCA Victor fi àwo oníwọ̀n íǹṣì 7, tó ń yí ní ìgbà 45, dá a lóhùn. Orí àwo íǹṣì 7 yìí ni single dúró lé: orin kan ní iwájú, orin kan ní ẹ̀yìn. EP wà láàárín, orin mẹ́ta sí mẹ́fà, lórí àwo kékeré tàbí ńlá. Ní agbo indie pop, EP ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹgbẹ́ tí kò lówó àwo ńlá máa ń kó orin tó dára jù lọ́wọ́ wọn sínú rẹ̀ láìfi ọ̀kan ṣe àbọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí orúkọ irú orin yìí ti gbilẹ̀, wá C86, kásẹ́ẹ̀tì tí ìwé ìròyìn NME kó orin ẹgbẹ́ 22 sí ní ọdún 1986.

Ọ̀rọ̀ Japan ní ìdí tó yé èèyàn. Òfin ibẹ̀ gba ilé iṣẹ́ orin láàyè láti pinnu iye tí ilé ìtajà gbọ́dọ̀ ta CD tí wọ́n ṣe nínú orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń ga. CD kan náà tó bá ti Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì wọlé kò sí lábẹ́ òfin yìí, ó sì máa ń rọjú jù. Kí àwọn oníbàárà má baà kọ ti ilé sílẹ̀, wọ́n ń fi orin kan tàbí méjì tí kò sí níbòmíràn kún un, wọ́n sì ń fi ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí tì í lẹ́yìn. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wé ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní obi, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀já ní èdè wọn. Má ṣe jù ú nù, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, àwọn olùkójọ sì máa ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè ohun mìíràn.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn single Japan kan wà lórí CD kékeré tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 dípò 12. Má ṣe tì í bọ ihò ẹ̀rọ inú mọ́tò tó ń fa CD wọlé fúnra rẹ̀. Ó lè há síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní àwo ìgbéléjókòó, tí o lè fi ọwọ́ gbé e sí àárín, ni kí o lò.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, bàbá mi fi àwo kékeré I.K. Dairo tó tó ogún lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra single àwọn òyìnbó sọ pé ohun tí mo ní kì í ṣe ìkójọ, pé àwo àgbà lásán ni. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Ọ̀ṣẹ́mawé kọ́, Ọmọ Ọbókun ni mí, Ìṣọ́kùn, Iléṣà.

Ọmọ Ọbókun, kì í ṣe òótọ́ rárá, ó sì dùn mí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gan-an ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ìlú Dairo, kò sì jìnnà sí ibi tí o ti kọ̀wé. Ó fi àkọ́díọ̀nù sínú jùjú, ó kó ẹgbẹ́ Blue Spots jọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Orí àwo kékeré ni iṣẹ́ rẹ̀ ìgbà náà wà. Ẹni tó bá ti mọ jùjú ayé àwo ńlá, tí orin kan ń wọnú òmíràn títí ojú àwo fi tán, ni yóò mọ ọgbọ́n tó gbà kí èèyàn kí ẹni tó yẹ ní kíkí, kí ó ṣàdúrà, kí ó pa òwe, kí àkọ́díọ̀nù sọ tirẹ̀, kí gángan sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, láàárín ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìdíwọ̀n yẹn náà ló wà lọ́rùn àwọn ọ̀dọ́ Bristol.

Jẹ́ kí n tún sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ. Àwọn olùkójọ indie pop máa ń tọ́ka sí Postcard Records, tí Alan Horne dá sílẹ̀ ní Glasgow, tó sì gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1980, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ilé iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ àwọn ńlá. Ó yẹ kí wọ́n tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ní 1969, Haruna Ishola alápàlà àti Dairo onijùjú ti jọ gbé Star Records kalẹ̀, kí olórin lè ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀mí àdádúró ni à ń kó jọ, àwo bàbá rẹ ti wà nínú ìdílé kan náà.

Wò ó bóyá orúkọ wà lára àwọn àwo náà. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá yá àwo fún òde ìkómọ tàbí ìsìnkú, olówó rẹ̀ máa ń fi báírò kọ orúkọ sí bébà àárín kó má baà sọnù sí òde. Àwọn olùkójọ òkè òkun ka irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí àbùkù tí ń dín owó kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún tiwa. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí pé àwo náà ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Má ṣe pa á rẹ́. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, ẹ jọ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti rà á, òde tí wọ́n ti lù ú, ẹni tó jó sí i. Kọ ọ́ sórí bébà tí kò ní gọ́ọ̀mù, kí o sì fi sínú páálí àwo náà.

Ẹ kú àárọ̀. Mo ra single méjì àti CD kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí páálí àwo ti ya, ike CD sì ti fọ́ kí wọ́n tó dé Iléṣà. Báwo ni mo ṣe lè dènà rẹ̀? — Tíṣà, Iléṣà.

Tíṣà, ẹ kú ìnáwó. Kì í ṣe òde ló máa ń ya etí páálí, àwo inú rẹ̀ ni. Bí ẹrù bá bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwo yóò sáré gbá etí páálí bí abẹ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á pé kí ó yọ àwo náà kúrò nínú páálí, kí ó fi sínú bébà funfun tirẹ̀, kí ó sì tò ó sí ẹ̀yìn páálí náà láàárín pátákó páálí líle méjì. Ní ti CD, ẹ ní kí ó yọ ìwé inú rẹ̀ àti CD náà, kí ó fi wọ́n ránṣẹ́ láìsí ike; ẹrù yóò fúyẹ́, ike tuntun kò sì wọ́n.

Bí wọ́n bá dé, ẹ má ṣe kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń lù tàbí sí abẹ́ páànù tí kò ní síìlì, torí ooru ń tẹ àwo bí ẹni tẹ ẹ̀bà. Òró ni kí ẹ tò wọ́n, kì í ṣe kí ọ̀kan dùbúlẹ̀ lé èkejì. Èbu ń dé lásìkò òjò, eruku ń dé lásìkò ọyẹ́, nítorí náà ẹ yẹ̀ wọ́n wò ní ìgbà méjèèjì. Ẹ má ṣe fi ìdí CD sílẹ̀ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ojú tí wọ́n kọ̀wé sí ju ojú tó ń dán lọ, nítorí pé álúmínọ́mù tó gbé orin náà wà lábẹ́ ìkọ̀wé yẹn gẹ́rẹ́, ọ̀dà tín-ín-rín nìkan ló sì bò ó. Bí ẹ bá fẹ́ nù ún, aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò, láti àárín bọ̀ sí etí ní ìlà tààrà, kì í ṣe ní yíyípo.