Báwo lẹ ṣe ń fi bébà ká ẹja pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké?

Ìbéèrè:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Ọmọ méjì ni mo ní, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò ẹ̀ ti pé 4. Wọ́n rí ẹja origami, ìyẹn ẹja tí wọ́n fi bébà ká, níléèwé wọn, àtìgbà yẹn wọn ò jẹ́ n gbádùn, "Mummy, make fish" ní gbogbo ìgbà. Mo ṣí fídíò fún wọn, àmọ́ ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ yára jù, ká tó ká ẹyọ kan ó ti débi ìkẹta, àbúrò bá bú sẹ́kún ó sì fa tiẹ̀ ya. Ṣé ẹja kan wà tó rọrùn táwọn méjèèjì á lè ṣe? A4 lásán ló wà nílé. Yorùbá ni mo sì fẹ́ ká máa sọ tá a bá ń ṣe é, torí mo máa ń sọ ọ́ sí wọn, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹ ṣeun.

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o mà, Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè wọn. Ẹ fi fídíò yẹn sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ yín ni ọmọ ọdún 4 fẹ́ wò, kí bébà tiyín wà níwájú yín kó tóbi bíi tiẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ má kọjú síra yín o, torí tẹ́ ẹ bá kọjú síra yín ọ̀tún yín á di òsì tiwọn, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń dàrú. Fún ẹ̀gbọ́n, àwòrán tí wọ́n yà ní ìpele-ìpele dáa ju fídíò lọ, àwòrán á dúró dè é. Akira Yoshizawa, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló tẹ ètò àmì tí wọ́n ń lò nínú àwọn àwòrán yẹn jáde nínú ìwé ní 1954: ìlà tó ń já ní kéékèèké, ẹ ká a wá sọ́dọ̀ ara yín, èyí tó bá ní àmì tóótòòtó láàárín, ẹ ká a sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 7 á tètè mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ A4 yín di onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Mílímítà 210 ni fífẹ̀ ẹ̀, 297 ni gígùn. Ẹ mú kọ́nà òkè kan, ẹ ká a wálẹ̀ títí etí òkè á fi sùn lé ẹ̀gbẹ́ tó gùn, ó máa ku pélébé kan nísàlẹ̀ tó tó mílímítà 87, ẹ gé ìyẹn kúrò, àmọ́ ẹ má jù ú nù, wọ́n lè fi gé koríko inú omi. Ẹ má wulẹ̀ gé bébà náà kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bébà origami tí wọ́n ń tà sábà máa ń jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bébà ńlá ló gba ìka kékeré.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹja náà fúnra ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi crayon kun ojú kan. Kó má jẹ́ ọ̀dà olómi, torí ó máa ń sọ bébà di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Kíkùn yẹn wúlò gan-an, torí ẹ ti wá ní ojú aláwọ̀ àti ojú funfun nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ẹ̀gbẹ́ wo lẹ ń sọ.

Ó yá. Ojú funfun wà lókè, ẹ ká a kọ́nà sí kọ́nà, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ ṣí i, ẹ tún ká kọ́nà méjì tó kù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i. Ẹ wá yí bébà padà kí ojú aláwọ̀ bọ́ sókè, ẹ ká a sí méjì gbọọrọ, etí sí etí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣí i, ẹ ò ní yí i padà mọ́ o.

Yíyí tẹ́ ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fò. Ohun tó ń ṣe ni pé ìlà méjì tó ti kọ́nà wá á yọ sókè, ìlà àárín á wọlé, bébà fúnra ẹ̀ á wá mọ ibi tó ń lọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀, gbogbo ìlà á kọjú sápá kan náà, bébà á máa bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìka kan ti àárín gbùngbùn ẹ̀ wálẹ̀, á ta pàá, àwọn tèmi lè fi ìyẹn nìkan ṣeré fún ìgbà pípẹ́, ẹ má kánjú gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá tì í padà láti abẹ́, á dìde dúró bí àgọ́. Ẹ di ìlà àárín mú lópin méjèèjì, ẹ tì wọ́n wọlé kí wọ́n pàdé, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ pẹrẹsẹ. Onígun mẹ́ta ló máa dà, ẹsẹ̀ méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Tó bá jẹ́ ọ̀kan sí mẹ́ta lẹ rí, ẹ gbé ẹyọ kan sọdá.

Ṣóńṣó orí ẹ̀ lẹnu ẹja. Ẹ mú ẹsẹ̀ òkè tọ̀tún, ẹ ká a láti ẹnu yẹn kó kọjá àárín díẹ̀, kí ṣóńṣó ẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Ẹ ṣe tòsì bákan náà, kó gorí tàkọ́kọ́. Ìrù ti jáde nìyẹn, ẹsẹ̀ méjì tó kù lẹ́yìn ló di lẹbẹ. Ẹ yí i padà, kí wọ́n ya ojú sí i.

Àbúrò lè má lè ṣe ibi àgọ́ yẹn, ẹ má sì bá a ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ yín parí ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, ó sì mọ̀. Ẹ fún un ní èyí: ẹ ká bébà kọ́nà sí kọ́nà, ẹ ṣí i, ẹ mú etí méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì kọ́nà kan wá sórí ìlà àárín, ẹ ká gbogbo ẹ̀ sí méjì lójú ìlà yẹn, ẹ wá ṣẹ́ ṣóńṣó tó mú yẹn sókè kó di ìrù. Ó ti tán. Àbùùbùtán lèyí jọ jù, ẹ̀gbọ́n sì lè sọ pé àbùùbùtán kì í ṣe ẹja, òótọ́ ló sọ, afẹ́fẹ́ ló ń mí, ó sì ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú. Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fún àbúrò ẹ̀.

Ní ti Yorùbá yẹn, ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ká a, tẹ̀ ẹ́, ṣí i, yí i padà, ó tán. Ẹ máa sọ ọ́ bọ́wọ́ yín ṣe ń ṣe é, ẹ má bèèrè pé kí wọ́n tún un sọ. Tó bá ti dọwọ́ ẹja kejì, ẹ gbé ọwọ́ yín lé itan, kẹ́ ẹ ní káwọn ni kí wọ́n máa sọ fún yín ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ má sì ká ohunkóhun àfi tí wọ́n bá sọ ọ́ ní Yorùbá. Inú wọn máa ń dùn láti pàṣẹ fún àgbà, wọ́n á sọ ọ́. Tí ibi àgọ́ yẹn ò bá gbà fún yín, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ìlà tó yọ sókè àtèyí tó wọlé, màá mọ ibi tó ti yà.