Ìdáhùn: ṣé mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ lè yí garawa tí a fi ń dán idẹ?

Àbúrò, o ní o rí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi garawa yíyípo dán èèpo ọta idẹ kí wọ́n tó tún un kì, o sì fẹ́ ṣe irú ẹ̀ fún ọwọ́ ilẹ̀kùn idẹ ilé yín ní Òkè-Àdó.

Fi mọ́tò ẹ̀rọ ìfọṣọ sílẹ̀, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù: ńṣe ni ẹrù á lẹ̀ mọ́ ara garawa, kò ní máa ṣubú lu ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìṣubú yẹn gan-an ló ń dán idẹ. Lọ sí Agodi Gate n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ra mọ́tò wáípà ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Fólítì 12 ni, ó rọra ń yí, ó sì lágbára. Rọ́bà ọ̀dà ni mo fi ṣe garawa tèmi. (Ariwo rẹ̀ ò kéré o, ìyàwó mi lé e síta.)

Ṣùkù àgbàdo gbígbẹ tí a gún wẹ́wẹ́ ni kó o kó sí i. Má lo ohun tó ní amóníà, ó ń jẹ́ kí idẹ sán.

Ní ti ọta fúnra rẹ̀, má gbìyànjú láti tún un kì ní Nàìjíríà níbí: òfin kà á léèwọ̀, eruku òjé inú èèpo tí wọ́n ti yìn sì léwu.