Ṣé Iye Báńkì Ló Ń Fi Ìdíje Hàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo kà á níbì kan pé báńkì mẹ́ta tó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè kan ló ni ìdá 60 nínú 100 gbogbo dúkìá báńkì ibẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ sì ní kò sí ìdíje níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n tilẹ̀ fi ń wọn ìdíje láàárín àwọn báńkì?

Ìdáhùn: Ìdá 60 yẹn nìkan kò tó dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé báńkì márùn-ún ló wà ní orílẹ̀-èdè kan, tí olúkúlùkù sì ní ìdá 20. Pé mọ́kànlá ló wà ní òmíràn, tí ọ̀kan mú ìdá 50, tí àwọn mẹ́wàá yòókù sì mú ìdá márùn-ún márùn-ún. Níbi méjèèjì, ìdá 60 ni ti àwọn mẹ́ta tó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ọjà tí ọ̀gá kan ń dá jẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ọgbọọgba márùn-ún ti jọ ń ṣọ́ ara wọn.

Nítorí irú èyí ni wọ́n fi ń lo òṣùwọ̀n Herfindahl-Hirschman: a ó fi ìpín báńkì kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 2,000, ti èkejì 2,750. Báńkì kan ṣoṣo yóò fún wa ní 10,000. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ti ọdún 2023 lórí ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ọjà tó bá ti kọjá 1,800 ti há sọ́wọ́ àwọn díẹ̀ jù, èyí tó túmọ̀ sí pé ọgbọọgba márùn-ún wa pàápàá kò ní mú un jẹ.

Ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe pín ni èyí ń wọ̀n, kì í ṣe ìwà àwọn tó wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé Abba Lerner gbé kalẹ̀ ní 1934 ló ń wo ìwà: bí báńkì bá gba 10 lórí iṣẹ́ kan tí àfikún ìnáwó rẹ̀ jẹ́ 7, a ó fi 10 pín 3 tó ṣẹ́ kù, yóò jẹ́ 0.3, bó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ni ìdíje ń le sí i. Ẹ ṣọ́ra o: báńkì tó ń náwó ní ìnákúnàá, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lé e, lè ní nọ́ńbà kékeré bákan náà. Panzar àti Rosse, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì mìíràn, ní tiwọn béèrè pé bí èlé tí báńkì ń san fún afowópamọ́, owó oṣù àti ìnáwó rẹ̀ yòókù bá jọ gbówó lórí, báwo ni owó tó ń wọlé yóò ṣe tẹ̀ lé e. Níbi tí ìdíje ti pé, yóò gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Lọ́wọ́ ẹni tó ń dá ọjà jẹ, kò ní gòkè, ó tilẹ̀ lè wálẹ̀.

Ní 2004, àwọn olùwádìí Claessens àti Laeven fi òṣùwọ̀n Panzar àti Rosse yìí wo orílẹ̀-èdè 50, wọn kò sì rí i pé bí báńkì ńlá bá ṣe kó ọjà jọ tó ni ìdíje ń kú tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí ìdènà kò ti pọ̀ fún báńkì tuntun láti wọlé ni ìdíje ti ń gbóná. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó kọ ìròyìn yẹn bóyá báńkì tuntun lè rí ìwé àṣẹ gbà níbẹ̀, àti bóyá ó rọrùn fún oníbàárà láti kó owó rẹ̀ lọ sí báńkì mìíràn.