Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: “Aago méjì òru ni oorun máa ń dá lójú mi”

*Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìmọ̀ràn. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Atákúmọ̀sà, Iléṣà níbí. Awakọ̀ Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni ọkọ mi kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi náà ni mò ń wá owó oògùn. Tó bá ti di aago méjì òru, oorun á dá lójú mi, àyà mi á máa já, n ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò gbèsè. Ọmọ mi obìnrin tó wà l'Ékòó ní kí n máa ṣe nǹkan kan tí òyìnbó ń pè ní mindfulness: kí n jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, kí n dijú, kí n má ronú nǹkan kan. Mo gbìyànjú ẹ̀, gbèsè náà ni mò ń rí. Ará ilé wa kan sì ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni, pé ẹni tó bá sọ ọkàn rẹ̀ di òfìfo, ẹ̀mí àìmọ́ á wọ ibẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Àti pé, ṣé ó tiẹ̀ wúlò fún ẹni tí kò ráàyè jókòó rárá?*
*Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Iléṣà*

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn, ẹ kú àìsùn. Olúwa á gbé bàbá dìde. Kí n tó dáhùn, èmi náà ní ìbéèrè: ta ló ń gbà á lọ́wọ́ yín? Nínú gbogbo lẹ́tà yín, “èmi, èmi, èmi” ni mò ń kà. N ó padà síbẹ̀.

Ọmọ yín kò purọ́, àmọ́ ohun tó gbọ́ kò pé. Kò sí ẹ̀dá tó lè jókòó kó má ronú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ni pé, tí èrò bá ti gbé èèyàn lọ, kó mọ̀ pé ó ti gbé òun lọ, kó sì rọra dá ọkàn rẹ̀ padà sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ èémí tó ń wọlé tó ń jáde, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀. Ọkàn á tún sá lọ, ẹ ó tún lọ mú un wá. Bó sá lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ mú un wá nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìmúpadàbọ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí ẹ jókòó tó jẹ́ pé gbèsè lẹ rí, tí ẹ sì mọ̀ pé gbèsè lẹ̀ ń rí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, ló gbé e wọ ọsibítù lọ́dún 1979, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts. Àwọn tí ìrora kò kúrò lára wọn, tí àwọn dókítà ti ṣe ìwọ̀n tí agbára wọn mọ, ni wọ́n ń kó wá bá a. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lòun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ìjókòó yẹn, ará ilé yín kò parọ́ tán. Àmọ́ èyí tó gbé wá sí ọsibítù kò ní ìrúbọ, kò ní òrìṣà tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lèmi ń lọ, wọn kò sì tíì yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Alhaja tó wà ní ilé kejì sí tiwa náà ń ṣe é lẹ́yìn tó bá kírun Àsùbáà tán, kí ó tó gbé ìkòkò kaná. Ní ti ọkàn òfìfo, ẹ sọ fún ará ilé yín pé ẹ kò ní sọ ọ́ di òfìfo. Èlùbọ́ lẹ máa kó sínú ẹ̀.

Mo ní èlùbọ́ o, torí ẹni tí kò ráàyè jókòó, kó má jókòó. Tí ẹ bá gbé ajọ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀, kí ọjà tó gbóná, ẹ fi ìwọ̀nba èlùbọ́ tí ẹ fẹ́ jọ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹn ṣe é. Ẹ gbọ́ ìró ajọ̀ bó ṣe ń lọ sọ́tùn-ún tó ń lọ sósì. Ẹ wo ìyẹ̀fun tó ń bà lé irun apá yín, ẹ wo àwọn kókó tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ń yí gbirigbiri nínú ajọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí owó oògùn bá wọlé láàárín kan, ẹ kí i, ẹ padà sí ajọ̀. Tí oníbàárà bá dé, ẹ dá a lóhùn, ẹ tajà yín. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Mi ò sọ ohun tí mi ò ṣe rí. Nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ta ni yóò fún nọ́ọ̀sì ní ogún ìṣẹ́jú kó fi dijú? Matron wa, obìnrin ará Ìpetu kan tí kì í rẹ́rìn-ín, máa ń sọ fún wa pé, “Tẹ́ ẹ bá ń fọ ọwọ́, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa fọ̀.” A rò pé ọ̀rọ̀ kòkòrò àìsàn ló ń sọ. Láàárín bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn, ìgbà tí omi bá ń dà sí mi lọ́wọ́ yẹn nìkan ni mo ní fún ara mi. Omi tútù, ọṣẹ pupa tó ń rùn bí oògùn, ìfófòó tó ń gba àárín ìka kọjá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wà lẹ́yìn mi, ẹni tó ń ké wà níwájú, síbẹ̀ títí omi fi máa dá, ọwọ́ ni mò ń fọ̀. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n mọ́ tí mo bá dé ibùsùn tó kàn. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, mi ò sì tíì fi í sílẹ̀, abọ́ ni mò ń fi ṣe é báyìí.

Àyà tó ń já lóru ńkọ́? Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ yín, nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, níbi tí ìṣọn ti ń lù. Tí a bá mí sínú, lílù rẹ̀ á yára díẹ̀; tí a bá mí síta, á rọra. Bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a nìyẹn. Ẹ̀rù a máa gé èémí kúrú, èémí kúkurú á sì máa sọ fún ara pé ewu ń bẹ, nígbà tí kò sí olè tó ń kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹ mí sínú títí ẹ ó fi kà dé 4, ẹ mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹ ó fi kà dé 6. Ẹ ṣe é fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí oorun kò bá sì padà, ẹ dìde kúrò lórí ibùsùn, ẹ jókòó sí pálọ̀, ẹ má tan fóònù.

Gbèsè náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́: orúkọ olówó, iye owó, ọjọ́ tí ẹ máa fún un ní díẹ̀. Kí ìwé máa rántí rẹ̀ lóru dípò yín. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn baba wa òṣómàáló tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó wọn, àwọn pàápàá ń lọ sùn tílẹ̀ bá ṣú. Tí olówó kò bá wá sìn yín láago méjì òru, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bá a sin ara yín?

Ó ku ìbéèrè tèmi. Èémí kò lè yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ tí kò lè dá ara rẹ̀ yí, ó yẹ kí a máa yí i ní bíi wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí i lára. Ó yẹ kí ẹnìkan máa bá a na apá àti ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kọ́ni ní ọsibítù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ já. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta nìyẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ dá a gbé. Ọmọ yín tó fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ láti Èkó, ẹ ní kó máa fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ náà, bó tiẹ̀ ṣe òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù. Ẹ pe àwọn àbúrò ọkọ yín jókòó, ẹ sọ iye tí oògùn ń jẹ lójú wọn, ẹ má sọ ọ́ fún wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo mọ̀ wá ní Iléṣà: a kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́, a ó di ẹnu, àwọn èèyàn á ní “obìnrin náà mà nífarabalẹ̀ o,” nígbà tó jẹ́ pé ó ti ń gbẹ lọ sínú. Èmi kò ka ẹni tó ń jìyà láìsọ̀rọ̀ sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì gbé bàbá lọ rí dókítà, ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín náà.

*Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Ìyàwó mi kú nínú jàǹbá ọkọ̀ lọ́nà Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Inú ọkọ̀ kan náà la wà. Wọ́n ní kí n máa dijú kí n máa tẹ́tí sí èémí mi. Gbàrà tí mo bá ti dijú, ìró bíréékì ni mò ń gbọ́. Ó tún ń burú sí i ni. Kí ni mò ń ṣì ṣe?*
*Bàbá Tíṣà*

Ẹ kò ṣi nǹkan kan ṣe, Bàbá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ má dijú mọ́.

Àwọn tó ń ta ìjókòó yìí bí ẹní ń ta àgbo gbogboǹṣe kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí jàǹbá, tó bá dijú tó kọjú sí inú ara rẹ̀, ohun tó rí lọ́jọ́ náà lè kọ́kọ́ dìde. Ìta ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ jí rìn ní kùtùkùtù láti Ìlódè lọ sí Ẹnuwá, kí ojú yín là kedere. Ẹ máa dárúkọ ohun tí ẹ bá rí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ewúrẹ́ dúdú, obìnrin tó ń po àkàrà, ògiri ààfin, ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù tó tóbi jù ú lọ. Ẹ mọ ilẹ̀ lábẹ́ bàtà yín. Tí ìró náà bá dé, ẹ dúró, ẹ di nǹkan kan mú, irin tàbí ògiri, ẹ sọ ọjọ́ òní àti ibi tí ẹ dúró sí jáde lẹ́nu. Ẹni bá ń wò yín, kó máa wò.

Ṣùgbọ́n ọdún ti yí, ìró náà kò sì lọ. Ìyẹn ti kúrò ní ohun tí Màmá Nọ́ọ̀sì ń dá tọ́jú nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní OAUTHC, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ifẹ̀, ní Ifẹ̀ níbẹ̀, ẹ kò ní rìnnà jìn. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ẹni tó la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní oògùn tó bá yẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ibi wèrè lẹ̀ ń lọ, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa Arò ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n á máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó tó àádọ́rin ọdún sẹ́yìn.

Tí ẹkún bá sì ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ gbàgbé ìyàwó yín.

*Ẹ káàsán mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì Ifẹ̀. App wo ló dáa jù tí mo lè máa sanwó fún lóṣooṣù, kí ọkàn mi lè balẹ̀ kí ìdánwò tó dé?*
*Ọmọ Màmá*

Kò sí, ọmọ mi. Fi owó yẹn jẹun. Ẹni tí ebi ń pa, èwo ni tìfọ̀kànbalẹ̀?

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kó o fi sílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kìíní, bi ara rẹ pé báwo ni mo ṣe wà báyìí: kí ni mò ń rò, ibo ló ń dùn mí? Má ṣàtúnṣe nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kejì, èémí nìkan. Ìkẹta, gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn mẹ́ta, Segal, Williams àti Teasdale, ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń padà wá bá, kò sì sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ṣe é kó o tó ṣí ìwé, kó o tún ṣe é tó o bá ti jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, kí wọ́n tó pín ìbéèrè. Gbé fóònù jìnnà sí ibi tí orí rẹ wà tó o bá fẹ́ sùn. Lẹ́yìn náà, lọ kàwé.